Ijó inú omi fáwọn ọmọbìnrin: ìtàn wo ni kí n sọ fáwọn òbí, báwo la sì ṣe máa ṣètò ẹ̀?

TíṣàBùkọ́lá kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé o. Tíṣà ni mí nílé-ìwé gírámà kan ní Surulere, mo sì máa ń kó àwọn ọmọbìnrin kan lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ láràárọ̀ Sátidé. Wọ́n rí ijó inú omi lórí fóònù, àwọn obìnrin mẹ́jọ tí wọ́n ń yọ ẹsẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà láàárín omi, wọ́n wá ní àwọn náà fẹ́ ṣe é fún ayẹyẹ òpin ọdún. Inú mi dùn, mo gbà fún wọn. Ìgbà tí mo wá sọ ọ́ nípàdé òbí ni bàbá kan dìde, ó ní òun ò bá ìlúwẹ̀ẹ́ jà, kí ọmọ òun má bàa kú sómi lòun ṣe sanwó, ṣùgbọ́n kí ọmọbìnrin máa jó nínú omi lójú gbogbo ayé, ìyẹn ti kúrò ní eré ìdárayá, àṣà òyìnbó tí ò mọ ìtìjú ni. Àwọn ìyá méjì mẹ́ta náà ń mirí sí i. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ibi tí eré yìí ti wá kí wọ́n tó dájọ́, wọ́n sì gbà pé kí n ṣe é nípàdé tó ń bọ̀.

Mo nífẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ yìí, mi ò fẹ́ fi ẹnu lásán jà fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin, ta ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ṣe irú eré yìí rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é nínú púùlù tí ò jìn, láìsí owó ńlá, pẹ̀lú ọmọ tó dirun àti ọmọ tó ń bo orí? Ẹ dákun, gbogbo ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

Adéọlá_Houston kọ:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Mo ṣe eré yìí ní yunifásítì níbí, ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀ títí dòní. Tó bá jẹ́ èmi, Annette Kellerman ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí pé àìsàn ló gbé e dénú omi, kì í ṣe ijó, òbí tó bá gbọ́ ìyẹn á fara balẹ̀ gbọ́ ìyókù.

Sydney ní Ọsirélíà ni wọ́n ti bí i ní 1886. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lágbára nígbà tó wà lọ́mọdé, irin ni wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ ọ̀hún, wọ́n wá ní kó lọ máa lúwẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ lè le. Omi tó ń wọ̀ fún ìwòsàn ló sọ ọ́ di òmùwẹ̀ tó ń gbégbá orókè nínú ìdíje. Ó lọ sí London, ní 1905 ó bọ́ sínú òkun tó wà láàárín England àti Faransé, ìyẹn English Channel, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú ẹ̀ tí kò dé òdìkejì. Kò tìtorí ẹ̀ jókòó. Ní 1907 ó wọ tánkì onígíláàsì ní Hippodrome, ilé eré ńlá kan ní New York, ó ń lúwẹ̀ẹ́ ó ń jó níwájú èrò, eré yẹn sì lọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ń sọ bí ijó inú omi ṣe bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ wá ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ dúró sí dáadáa. Yẹ̀rì lórí ṣòkòtò, ìbọ̀sẹ̀ gígùn, nígbà míì bàtà pẹ̀lú, lobìnrin òyìnbó ń wọ̀ sínú omi lásìkò yẹn, aṣọ tó nípọn tó jẹ́ pé tó bá ti rin gbingbin, ìsàlẹ̀ ló ń fa èèyàn lọ. Etí omi ni wọ́n ti ń ṣeré, kò sí bí wọ́n ṣe lè wẹ̀ jìnnà. Kellerman mú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ọkùnrin, ó rán ìbọ̀sẹ̀ dúdú mọ́ ọn, ó di odindi aṣọ kan tó bò ó láti èjìká dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ wá fọ́tò ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kẹ́ ẹ gbé e lé bàbá yẹn lọ́wọ́. Awọ itan ò hàn, ti ẹsẹ̀ ò hàn, síbẹ̀ aṣọ yẹn ni wọ́n ń pè ní ìwà ìbàjẹ́ nígbà náà torí pé ó fara mọ́ ara. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé torí kí obìnrin má bàa rì ni wọ́n ṣe dín aṣọ kù, ẹnikẹ́ni ò dín in kù torí àtibọ́ra sílẹ̀ fún aráyé.

KóòṣìTáyé kọ:

Adéọlá o ṣeun. Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un kí ẹnikẹ́ni má bàa já yín níwájú èrò. Ẹ máa rí i káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì pé ọlọ́pàá mú Kellerman létíkun Revere nítòsí Boston ní 1907 torí aṣọ yẹn. Òun fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn yẹn, àwọn tó lọ tú ìwé ìròyìn ìgbà náà ò sì rí i níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ ní bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kẹ́ ẹ kọjá. Èyí tó dá mi lójú jù ni ti Ethelda Bleibtrey ní New York ní 1919, wọ́n fìyà òfin jẹ ẹ́ torí pé ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kó tó wọ omi létíkun Manhattan Beach. Ìbọ̀sẹ̀ lásán o! Ọdún tó tẹ̀ lé e ló lọ sí Òlíḿpíìkì ní Antwerp, ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ṣe fáwọn obìnrin lọ́dún yẹn, góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé wálé.

Kellerman kọ́ ló sì kọ́kọ́ wọ tánkì. Agnes Beckwith ti ṣe é ní London kí wọ́n tó bí Kellerman rárá. Ọ̀gá tó ń kọ́ni ní ìlúwẹ̀ẹ́ ni bàbá Agnes. Ní 1875, tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, ó wẹ odò Thames láti London Bridge dé Greenwich, ìyẹn bíi máìlì 5, ní 1880 ó wọ tánkì tí wọ́n ṣe fún ẹja àbùùbùtán ní Royal Aquarium, ó sì fi wákàtí 30 gbé ara ẹ̀ dúró lójú omi láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀, àwọn èèyàn ń sanwó wọlé wá wò ó.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ gbogbo èyí? Torí pé lásìkò yẹn kò sí Òlíḿpíìkì fún obìnrin, kò sí owó ìdíje, kò sí ẹgbẹ́ ńlá tó máa gbà wọ́n wọlé. Ibi eré nìkan lobìnrin tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ti lè fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ jẹun, ibẹ̀ nìkan náà laráyé ti lè fojú ara wọn rí i pé obìnrin lè ṣe é. Eré ló gbé ìlúwẹ̀ẹ́ wọn dání títí ìdíje fi ṣílẹ̀kùn. Bàbá yẹn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ fẹ́ fi ijó ba eré ìdárayá jẹ́, ọ̀nà ijó yẹn gan-an làwọn obìnrin gbà dénú eré ìdárayá. Ohun tí mo bá lè sọ fún wọn nìyẹn tó bá jẹ́ èmi ni mo dúró níwájú.

Ọmọ_Ayétòrò kọ:

Mo kí gbogbo yín o. Àwọn òyìnbó tẹ́ ẹ dárúkọ, mo gbọ́, wọ́n gbìyànjú, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ Tíṣà, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ yẹn rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ fi omi hàn wá. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Orí omi la kọ́lé sí, ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ ọjà, àwọn obìnrin ló ń tu ọkọ̀ ọ̀hún, ẹni tí ò bá sì mọ̀ ọ́n wẹ̀ níbẹ̀ ewu ló wà fún un lójoojúmọ́. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni ìyá mi dè mọ́ mi láyà nígbà tí mo ń kọ́ ọ, ó ń tú okùn yẹn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí n mọ̀, ìgbà tí mo máa wò ó kẹ́ẹ̀gì ti ń léfòó lọ́tọ̀ èmi náà ń léfòó lọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní àìnítìjú. Ará Holland kan tí wọ́n ń pè ní Pieter de Marees kọ̀wé ní 1602 nípa Etíkun Góòlù, ìyẹn Gánà ìsinsìnyí, ó kọ ọ́ kedere pé àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n mòòkùn ju àwọn èèyàn tòun lọ.

Ìmọ̀ràn tèmi, ẹ wá ìyá àgbà kan tó dàgbà létí omi, ì báà jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ẹ̀gùn, tàbí ará Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ gbé àga fún un nípàdé yẹn kó sọ bó ṣe kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Tí ìyá àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, ariwo máa lọ sílẹ̀.

Ìyá_Tóbi_Àkúrẹ́ kọ:

Ọmọ Ayétòrò, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ní tèmi o, mo rò pé ẹ gbọ́dọ̀ sọ ti 1912 àti 1926, torí àwọn tó ń ṣòfin nígbà náà ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ bíi bàbá tí Tíṣà ń sọ.

1912 ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí obìnrin lúwẹ̀ẹ́ ní Òlíḿpíìkì, ní Stockholm. Fanny Durack àti Mina Wylie ló yá jù ní Ọsirélíà, ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ obìnrin ti ìpínlẹ̀ wọn wá ní òfin pé obìnrin ò gbọ́dọ̀ díje níbi tí ọkùnrin bá ti ń wò. Ẹ gbọ́ o, ẹgbẹ́ obìnrin ni! Ẹni tó ń darí ẹ̀, Rose Scott, ajà-fún-ẹ̀tọ́-obìnrin ni, síbẹ̀ ó gbà tọkàntọkàn pé ojú ọkùnrin máa ba àwọn ọmọbìnrin jẹ́. Mi ò bú u, ìfẹ́ àwọn ọmọ náà ló ń ṣe é, ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn òbí yín náà nìyẹn. Àwọn ará ìlú ló pariwo, wọ́n yí òfin padà, wọ́n dá owó jọ kí wọ́n lè wọkọ̀ òkun lọ. Durack ló gba góòlù, Wylie ló ṣe ìkejì.

Amẹ́ríkà ò rán obìnrin òmùwẹ̀ kankan lọ lọ́dún yẹn, àwọn ọ̀gá eré ìdárayá wọn ò fọwọ́ sí i. Charlotte Epstein ló dá ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ obìnrin sílẹ̀ ní New York ní 1917, inú ẹgbẹ́ yẹn ni Gertrude Ederle ti jáde. Ní August 6, 1926, Ederle wọ English Channel láti Faransé, wọ́n fi gíríìsì pa á lára látorí dé ẹsẹ̀ nítorí òtútù, wọ́n fi ìda dí ẹ̀gbẹ́ awò ojú ẹ̀ kí omi iyọ̀ má bàa wọ ojú ẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ni wọ́n sì jọ ṣe aṣọ tó wọ̀, ó pín sí méjì torí pé èyí tó jẹ́ odindi máa ń kún fómi ó sì máa ń bó o lára. Ìjì ń jà. Ó lo bíi wákàtí 14 àti ààbọ̀ kó tó tẹlẹ̀ ní England. Ọkùnrin márùn-ún péré ló ti wẹ̀ ẹ́ kọjá ṣáájú ẹ̀, ó sì fi bíi wákàtí 2 yá ju ẹni tó yá jù nínú wọn lọ. Etí ẹ̀ ti ń dùn ún látìgbà tó wà lọ́mọdé, kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ nígbà tó yá, ó wá lọ ń kọ́ àwọn ọmọ tí ò gbọ́ràn ní ìlúwẹ̀ẹ́. Mo máa ń sọ ti obìnrin yìí fún gbogbo ọmọ tó bá wá sílé mi.

Alhaja_Rùkáyà kọ:

As-salaamu alaykum. Tíṣà, ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ wa tó ń bo orí, inú mi dùn pé ẹ béèrè. Ẹ̀wù àti ṣòkòtò gígùn tó ní ìborí tiẹ̀ wà fún omi, bùkíní ni wọ́n ń pè é, Aheda Zanetti ló ṣe é ní 2004, Sydney lòun náà ń gbé, ìlú kan náà pẹ̀lú Kellerman. Ọmọ arábìnrin ẹ̀ ló rí tó ń gbá bọ́ọ̀lù netball nínú aṣọ tó wúwo, tí ojú ẹ̀ pọ́n kankan nítorí ooru, àánú ọmọ yẹn ló ṣe é tó fi jókòó ti iṣẹ́ aṣọ.

Ní 2016 wá ni àwọn ìlú kan létíkun Faransé fòfin de bùkíní. Ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ ìjọba dá òfin ọ̀kan nínú àwọn ìlú náà dúró ní oṣù August ọdún yẹn, àmọ́ ká tó débẹ̀ wọ́n ti bu owó ìtanràn fáwọn obìnrin. Ẹ bá mi fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí Kóòṣì sọ: ní 1919 wọ́n fìyà jẹ obìnrin torí pé ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ní 2016 wọ́n fìyà jẹ obìnrin torí pé ó bo ara. Ó dùn mí dé egungun. Àwọn obìnrin kàn fẹ́ wẹ omi náà ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán an níbí torí pé ti ilẹ̀ òkèèrè wọ́n, ẹ sọ fún télọ̀ kó lo aṣọ tó ń fà tí omi ń ṣàn kúrò lára ẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ran aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ kó lo aṣọ òwú o, ó máa mu omi, ó máa wúwo, ọmọ á tètè rẹ̀. Kí wọ́n fi okùn kékeré so ẹ̀wù mọ́ ṣòkòtò nínú kó má bàa léfòó sókè, kí ìborí má sì ní etí tó gùn tó lè wé mọ́ ọmọ lọ́rùn.

Bísí_Peckham kọ:

Ẹ kúulé o. Ọ̀rọ̀ irun lèmi ń bá wá. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ẹ̀ẹ́ fi ìlúwẹ̀ẹ́ sílẹ̀ torí irun, kápù ò wọ̀ ọ́, tó bá fipá wọ̀ ọ́ á fò kúrò lórí ẹ̀ láàárín omi, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á máa wò ó. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ tí irun ń dójú tì kò ní sọ fún yín, ṣe ló kàn máa ní inú ń run òun lọ́jọ́ Sátidé.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní London níbí tó ń jẹ́ Soul Cap, Toks Ahmed-Salawudeen àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Michael Chapman ló dá a sílẹ̀, wọ́n ń ṣe kápù tó fẹ̀ fún irun dídì, dádà àti áfúrò. Ní 2021, ṣáájú Òlíḿpíìkì Tokyo, àjọ tó ń darí ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé ní wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó nínú ìdíje, ọ̀rọ̀ yẹn dun ọ̀pọ̀ wa níbí. Tokyo yẹn náà ni Alice Dearing ti di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Britain ní Òlíḿpíìkì. Àríwísí pọ̀, ní September 2022 wọ́n fọwọ́ sí kápù náà. Nílé wa ńkọ́, Abíọ́lá Ògúnbànwò ṣojú Nàìjíríà ní Tokyo kan náà, ọmọ ọdún 17, ó wẹ mítà 100 láàárín ìwọ̀n tí ò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi fọ́tò tiẹ̀ náà hàn wọ́n, ọmọ wa ni.

Ohun tá à ń ṣe nílé: kó tó wọ púùlù, a máa ń fi omi lásán rin irun yẹn dáadáa, ká fi kọndíṣọ́nà tàbí òróró díẹ̀ pa á, irun tó bá ti mu omi tútù yó kì í mu kílórínì púpọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà kápù ńlá. Tó bá jáde, kó fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kó má dúró dilé. Ẹ ní kí wọ́n di irun náà pẹ̀lẹ́bẹ̀ mọ́ orí, ṣùkú gíga ò dáa fún kápù. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ eré kí gbogbo wọn dirun kan náà, á dùn ún wò, á sì tún dín iṣẹ́ kù.

TíṣàBùkọ́lá kọ:

Ọlọ́run á bù sí i fún gbogbo yín. Mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ti Rose Scott yẹn máa wúlò gan-an, torí àwọn òbí yẹn kì í ṣe ọ̀tá ọmọ, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Mo ṣì fẹ́ mọ bí ijó inú tánkì yẹn ṣe wá di ìdíje Òlíḿpíìkì. Àti pé àwọn ọmọ bíi mélòó kan nínú wọn ò tíì lè gbé orí sábẹ́ omi pẹ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan máa wo àwọn ẹgbẹ́ wọn. Kí ni wọ́n lè ṣe?

Adéọlá_Houston kọ:

Ti Òlíḿpíìkì yẹn: Katherine Curtis ni kẹ́ ẹ rántí, tíṣà bíi tiyín. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ní Wisconsin, lẹ́yìn náà ní Chicago, òun ló ń to ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́ orin, kí wọ́n jọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ní 1934 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ṣeré níbi ìpàtẹ ńlá àgbáyé ní Chicago, èrò rọ́ wá, látibẹ̀ lorúkọ synchronized swimming ti gbajúmọ̀. Wọ́n wá ṣe òfin fún un, ilé-ìwé ń bá ilé-ìwé díje, àmọ́ ó pẹ́ kó tó wọ Òlíḿpíìkì, Los Angeles 1984 ni, ẹnì kan àti ẹni méjì nìkan. Ẹgbẹ́ ńlá dé ní 1996. Ní 2017 wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí artistic swimming, èmi ò fẹ́ràn orúkọ tuntun yẹn, pé gbogbo wọn jọ ń ṣe é ni ẹwà ibẹ̀. Ọkùnrin náà ti ń ṣe é báyìí, ìdíje ọkùnrin-pẹ̀lú-obìnrin bẹ̀rẹ̀ níbi ìdíje àgbáyé ní Kazan ní 2015.

Esther Williams lèèyàn mọ̀ jù nínú fíìmù. Ẹ sọ fáwọn ọmọ pé òmùwẹ̀ ìdíje ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1939, Òlíḿpíìkì 1940 ló ń múra sí, ogun dé, wọ́n fagi lé e. Ó ń tajà ní sọ́ọ̀bù kí wọ́n tó gbà á síbi eré omi kan ní San Francisco, ibẹ̀ làwọn onífíìmù ti rí i. Ní 1952 wọ́n dé e ládé onírin kí ó fò láti òkè sínú omi, orí ẹ̀ kan omi, adé yẹn ò tẹ̀, egungun ọrùn ẹ̀ mẹ́ta ló sán, oṣù mẹ́fà ló wà nínú símẹ́ńtì dókítà. Torí náà ẹ má gbé nǹkan líle kankan lé ọmọ lórí nínú eré yín, ì báà rẹwà tó báwo.

Fúnmi_Douala kọ:

Ẹ ǹlẹ́ o, Cameroon ni mo ń gbé. Fún àwọn ọmọ tí ò lè sọ orí kanlẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu ìlù omi! Àwọn obìnrin Baka tó wà nínú igbó níbí ló ń ṣe é, liquindi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á dúró nínú odò tó dé ìbàdí, wọ́n á tẹ àtẹ́lẹwọ́ kọdọrọ díẹ̀, wọ́n á fi gbá ojú omi, ọwọ́ kan á wọlé jinlẹ̀ kó mú afẹ́fẹ́ wọ omi, ìyẹn á dún gbùm, ọwọ́ kejì á gbá ojú omi lásán, ìyẹn á dún pàà. Tí obìnrin mẹ́rin márùn-ún bá jọ ṣe é, tí kálukú ń lu tiẹ̀ wọ inú ti ẹnì kejì, ìlù gidi ni, ẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ lókèèrè. Àwọn obìnrin kan ní erékùṣù Vanuatu náà ń ṣe irú ẹ̀. Kò sóhun tẹ́ ẹ máa rà, ẹsẹ̀ wọn wà nílẹ̀, orí wọn wà lókè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ á sì máa jó sí ìlù ọ̀hún. Bàbá tó ní àṣà òyìnbó ni, kó wá gbọ́ ìyẹn.

Ohun kan tó máa ń le níbẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n á máa tẹ́ ọwọ́ pẹrẹsẹ, omi á kàn máa ta sí wọn lójú. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ọwọ́ bíi ti ẹni tó fẹ́ bu omi mu.

KóòṣìTáyé kọ:

Ti ìlù omi yẹn dáa gan, màá jí i lò. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bẹ́ ẹ ṣe máa kọ́ àwọn tó kù, àti ibi tí ewu wà, ibi ewu lẹ máa kọ́kọ́ kà.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan mí gúlegúle lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó rì sábẹ́ omi. Wọ́n rò pé ó ń jẹ́ kéèyàn pẹ́ lábẹ́ omi. Irọ́ ni. Afẹ́fẹ́ burúkú tó wà nínú ara ló ń sọ fún ọpọlọ pé kó jáde lọ mí, èémí gúlegúle yẹn ló ń lé e jáde, ọpọlọ ò wá ní mọ̀ pé afẹ́fẹ́ rere ti ń tán, ọmọ á kàn dákú wọ́ọ́rọ́wọ́ láìjà rárá. Èémí jẹ́jẹ́ kan tàbí méjì, ó tó. Kò gbọdọ̀ sí ìdíje ta ló pẹ́ jù. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gan-an ń dákú: ní 2022, níbi ìdíje àgbáyé ní Budapest, Anita Alvarez dákú nígbà tó parí eré, ó ń rì lọ sísàlẹ̀, kóòṣì ẹ̀ Andrea Fuentes ló fò wọlé tòun taṣọ tó fà á jáde. Ó rí i torí pé ojú ẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀. Tíṣà, ẹ wá ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa tí wọn ò ní ya fọ́tò, tí wọn ò ní pàtẹ́wọ́, orí ọmọ nìkan ni wọ́n á máa kà.

Ẹ̀kọ́ wá: orí ilẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tò létí púùlù, kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe gbogbo eré náà, ọwọ́ á dúró fún ẹsẹ̀, ẹ ka ení dé ẹ̀jọ títí tí wọ́n á fi lè ṣe é láìwo ara wọn. Tó bá bàjẹ́ lórí ilẹ̀ kò ní dáa nínú omi. Nínú omi, ọwọ́ ló ń gbé ara dúró. Kí wọ́n dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, kí àtẹ́lẹwọ́ máa ti omi síta, kó yí díẹ̀, kó tì í wọlé, láìdúró, láìta omi sókè. Ọmọ tó bá mọ èyí á dúró gbagidi bó ti wù kó pẹ́. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó ní kó gbé orúnkún kan sókè, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kan. Nínú púùlù tí ò jìn, ẹ gbàgbé gbogbo èyí tí wọ́n ti ń dorí kodò, ẹ lo èyí tí wọ́n fi ń dùbúlẹ̀ ṣe òbìrìkìtì, tí ẹnì kan á fi ẹsẹ̀ kan èjìká ẹnì kejì, tí gbogbo wọn á ṣí i á pa dé. Látòkè wá ó lẹ́wà gan, torí náà ẹ jẹ́ kí àwọn òbí jókòó síbi tó ga.

Kílíìpù imú pọn dandan fún ẹni tó bá máa dojú sókè lábẹ́ omi, kò wọ́n. Jẹ́látínì tí wọ́n máa ń pò mọ́ omi gbígbóná tí wọ́n ń fi kùn irun kó lè dúró, ẹ fi sílẹ̀ fáwọn tó ń díje, kì í tètè kúrò lára irun tiwa.

TíṣàBùkọ́lá kọ:

Kóòṣì ẹ ṣeun, ti èémí yẹn ò yé mi tẹ́lẹ̀, mo ti ń rí àwọn ọmọ tó ń ṣe é, mo máa dá wọn lẹ́kun lọ́la. Ìbéèrè kan ló kù: orin ńkọ́? Tí etí bá ti wọ omi, wọn ò ní gbọ́ sípíkà mọ́, mo sì rí i pé sípíkà abẹ́ omi ò ṣeé rà fún wa.

Adéọlá_Houston kọ:

Àǹtí, ẹ ò nílò ẹ̀. Nígbà tá à ń kọ́ ọ, kóòṣì wa máa ń fi ṣíbí irin gbá àkàbà irin tó wọnú púùlù, kó, kó, kó, ìró irin ń rìn nínú omi ju bó ṣe ń rìn lókè lọ, gbogbo wa ń gbọ́ ọ kedere. Tí púùlù yín bá ní àkàbà irin, ẹ gbá a. Tí kò bá ní, ẹ ki páìpù irin kan bọ omi kí ẹnì kan máa lu orí ẹ̀ tó yọ sókè, ẹ fi ìró kan tó le ju ìyókù lọ sórí ení kí wọ́n lè mọ ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Orin tẹ́ ẹ bá yàn, kó ní ìlù tó dúró lójú kan, kó má sáré. Ẹni tó bá ń lu irin yẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì, ẹ má gbé e fún ẹlòmíì lọ́jọ́ eré, torí ọwọ́ ẹ̀ làwọn ọmọ máa ti mọ̀.

Ọmọ_Ayétòrò kọ:

Tíṣà, mo ní ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ní Ebute Metta, ọmọ Ayétòrò ni, ara ẹ̀ ṣì le, ó sì mọ̀rọ̀ sọ. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ ìpàdé yẹn fún mi, màá bá a sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú.